Ìṣirò Ẹja Tí Sherif Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Kọ

Ojúlé 17, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Ìyànà Ìbà, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀ṣúnkẹ́mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ̀bùn ńkọ́, ṣé ilé ìwé tuntun náà bá a lára mu? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ ẹja tí mo sọ fún yín. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ sétí ọ̀sà Ọ̀jọ́, tí mò ń fi rúlà wọn ẹ̀pìyà tí Bàbá Àkànmú, apẹja, bá kó wá. Wọ́n máa ń ráhùn pé ẹja ìsinsìnyí ò tó ti àtijọ́. Ìṣirò ni mo fi wá ìdí rẹ̀: àwọ̀n ń kó àwọn ńlá lọ, àwọn kékeré ló ń ṣẹ́kù láti bímọ. Tí a bá mọ bí ọmọ ṣe ń jọ òbí tó, àti iye tí àwọn tó ṣẹ́kù fi kúrú sí gbogbo wọn, a ó mọ bí ìran tó ń bọ̀ yóò ṣe kúrú sí i tó.

Sherif, ọ̀rẹ́ mi tó bá wa jẹ Kérésì, ni mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó dìde níwájú gbogbo ẹ̀ka wa ní yunifásítì, ó ní ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti gba iṣẹ́ òun láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹja mi ni! Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sherif, orúkọ tèmi dà?"

Kò wojú mi. "Ayọ̀, ìwọ lo wọn ẹja, èmi ni mo ṣe ìṣirò."

Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fata sẹ́nu.

Mo gbé ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n ẹja àti ìṣirò mi sí lọ bá olórí ẹ̀ka wa. Ọ̀gá náà pe àwa méjèèjì, wọ́n bi Sherif pé, "Kí ló dé tó o yọ ẹja oṣù kẹjọ kúrò nínú ìṣirò náà?" Ó ń wá ìdáhùn kiri lórí fóònù rẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé Bàbá Àkànmú pààrọ̀ àwọ̀n lóṣù yẹn nìkan, ojú àwọ̀n náà sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹja tó kó kò ṣeé fi wé ti àwọn oṣù yòókù. Wọ́n ní kó kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láti gba iṣẹ́ náà padà kíá. Ó ti kọ ọ́.

Àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀, àmọ́ oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Àlàbí. Ẹ má tíì sọ fún Màmá; wọ́n ṣì ń gbàdúrà fún Sherif.

Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ó béèrè lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá kọ orúkọ rẹ̀ ṣíwájú tèmi.

Àbúrò yín tó ń retí èsì yín,
Ayọ̀mípọ̀sí.