Oúnjẹ Tí Mo Ń Tẹ́ Sábẹ́ Oògùn Oorun

Ìbẹ̀ṣẹ̀ Etí Ọ̀sà,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Waliyah ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ, pẹ̀lú ọkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé iná ti dé ládùúgbò yín? Èmi náà wà, a dúpẹ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí débi pé àná ni mo ti gbé ìwé yìí síwájú, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí agbára mú bíírò. Fàlílátù aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹja ò sì pọ̀ lọ́jà.

Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, lẹ́tà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Nọ́ńbà ṣúgà tí mo ń pè fún ọ láràárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe tèmi. Ṣúgà Fàlílátù ni.

Ṣé o rántí pé kó o tó fi oògùn oorun ránṣẹ́, bí ẹ̀rọ tó o rà fún àtọ̀gbẹ mi bá mu ẹ̀jẹ̀ ìka mi, 120 àti díẹ̀ ló máa ń kọ? Mo wá ráhùn pé oorun ò kùn mí mọ́, lo bá fi mẹlatónììnì ránṣẹ́, igo funfun tí wọ́n ya òṣùpá sí lára. Mo lò ó, mo sì sùn lóòótọ́. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, nọ́ńbà di 180, ó di 196, ó di 211. Mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ náà, mo sá a sóòrùn, mo fi ìka ọwọ́ òsì gbìyànjú, kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣúgà yìí náà ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ Adéòjó tó ń ta kẹrosíìnì, èmi náà sì ní egbò kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ jiná. Ìwọ náà sì ti sọ pé bó bá ti kọjá 200, ńṣe lo máa wá kó mi lọ sí yàrá òkè yín tí ènìyàn ò ti lè fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀. Ni mo bá ní kí Fàlílátù yá mi ní ìka. Abẹ́rẹ́ tuntun ni mo ń lò fún un lójoojúmọ́, má bínú. 94 ló ń ní. Mo rò pé bí ẹ̀rọ náà bá ń rí nọ́ńbà tó dáa lemọ́lemọ́, yóò mọ́ ọn lára, kó tó padà sọ́dọ̀ mi.

Fàlílátù ni gígún ìka kọ́kọ́ sú. Ó wọ́ mi lọ bá Nọ́ọ̀sì Bólúwadúró nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé báwo ni mo ṣe ń lo oògùn oorun náà. Mo ṣàlàyé bí ọmọ tí wọ́n kọ́, pé ìyá mi ní oògùn kò gbọ́dọ̀ bá inú lófìfo, nítorí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun ní aago méje, tó bá di mẹ́sàn-án màá tún ro ìkọ́kọrẹ́, màá jẹ ẹ́ yó, màá gbé oògùn lé e lórí, màá sì dùbúlẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń jẹun alẹ́. Mo ní rárá o, ọ̀kan ni tèmi, èkejì ni ti oògùn.

Ó gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní ohun kan wà nínú ara tó ń jẹ́ ínsúlíìnì, òun ni alábàárù tó ń ru ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ó ní irú oògùn oorun yìí, ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe é bílẹ̀ bá ṣú, bó bá sì ti wọlé, alábàárù lè dẹwọ́, oúnjẹ tí ènìyàn bá wá jẹ lásìkò náà yóò kàn dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ara kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn dókítà gan-an ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Mo bi í bóyá a lè fún alábàárù náà lówó díẹ̀ kó ṣiṣẹ́ kún un, bí wọ́n ti ń ṣe ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ó fọ egbò mi, ó ní kò tíì burú, kí n dá oògùn náà dúró títí dókítà yóò fi rí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n má sì jẹun lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Láàárọ̀ yìí, ìka èmi gan-an, 138.

Ó tún bi mí pé kí ló ń jí mi lóru. Mo ní kò sí nǹkan. Ìyẹn náà, irọ́ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń dúró létí omi pẹ̀lú àtùpà ní aago mẹ́ta òru, kí ọkọ̀ ìpẹja bàbá rẹ tó gúnlẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tó ti kú, ara mi ò tíì gbà. Aago mẹ́ta lojú mi ń là, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mò ń lo oògùn rẹ, mi ò jí. Bílẹ̀ bá wá mọ́, ńṣe ni mo máa ń sunkún, ó ń ṣe mí bíi pé bàbá rẹ gúnlẹ̀ lóru, kò sì bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Torí náà, má fi oògùn míì ránṣẹ́. Owó ni kó o fi ránṣẹ́, ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń mu ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀ ti fẹ́ tán, Fàlílátù ti lo ìlàjì. Fi owó ọkọ̀ tìrẹ náà kún un, kó o wá sùn níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kó o bá mi jókòó.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lálọ àtàbọ̀. Kò ní jẹ́ kó o gúnlẹ̀ síbi tí kò sí ẹni tó ń dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sèlíátù.