Wíkà Ló Wí, Kì Í Ṣe Ìkà

Igbó Ẹfọ̀n,
Lẹ́kkí, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Màmá Ṣèyílọ́lá wa ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, èmi Adébùkọ́lá, ọ̀rẹ́ ọmọ yín láti yunifásítì. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín sì ti san. Èmi, Rẹ̀míláyọ̀ àti Tolúwani, tí a jọ ń gbé pẹ̀lú Ṣèyílọ́lá, la jọ fẹnu kò kí n tó mú gègé. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo fi rán Bọ̀sún, ẹ̀gbọ́n Tolúwani, sí yín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ṣèyílọ́lá kò lọ Máàsì mọ́. Ó kà nípa ẹ̀sìn kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní Wíkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tan àbẹ́là sójú fèrèsé nígbà tí òṣùpá bá yọ. Èmi náà kò fara mọ́ ọn, mà, mo sì ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n n kò rí i kí ó ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Lọ́jọ́ kan, onílé wa, Àǹtí Fúnláyọ̀, bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀sìn wo lo wá ń ṣe báyìí?" Ó fèsì pé, "Wíkà ni mí, mà." Àǹtí ká ọwọ́ lérí: "Ìkà ni ẹ́? Ẹ gbọ́ o! Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!" A rẹ́rìn-ín títí. Tolúwani tiẹ̀ ń pè é ní "Ìyáàfin Ìkà" bó bá jẹ ẹran inú ìkòkò tán. Kò pẹ́, ibà mú ọmọ Afusat, aládùúgbò wa. Àǹtí dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." Ọmọ náà kò kú, ó lo oògùn ibà, ó sì ti ń sáré kiri. Síbẹ̀, ẹ̀rín tán. Afusat kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba bísíkíìtì lọ́wọ́ Ṣèyílọ́lá mọ́.

Àǹtí lọ bá Fádà ìjọ Àgùdà wa pé kí wọ́n wá lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára Ṣèyílọ́lá. Fádà ní dókítà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí Ṣèyílọ́lá kàn wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Àǹtí fi ìbínú padà sílé. "Fádà inú fíìmù kò bèèrè dókítà!"

Lẹ́yìn èyí ló mú ọkùnrin kan wá, aláṣọ funfun gígùn, tó ń pe ara rẹ̀ ní Fádà Clement. Mà, ọwọ́ òsì ló fi ṣe àmì àgbélébùú. Mo bi í pé Bíṣọ́ọ̀bù wo ló rán an, ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù tèmi ń bẹ lọ́run." Rẹ̀míláyọ̀ rí pàṣán nínú àpò rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò padà wá. Ó ní kí a má fún Ṣèyílọ́lá lóúnjẹ títí di ìgbà náà.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù nìyí: Àǹtí ní ẹ̀yin gan-an lẹ sọ lórí fóònù pé, "Ẹ dè é." Àwa kò gbà á gbọ́. Etí tó gbọ́ "Wíkà" tó sọ ọ́ di "ìkà", ṣé kò lè gbọ́ "Ẹ dè mí, mò ń bọ̀" kí ó sọ ọ́ di "Ẹ dè é"? Mo bẹ yín, ẹ wá kí Sátidé tó pé, kí ẹ wí i lójú gbogbo wa. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ lẹ ní kí wọ́n dè é, mà, ẹ wá dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń dè é.

Ẹ ó jèrè ọmọ yín. Ẹ kò ní fi ojú yín sunkún rẹ̀ láéláé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò bí,
Adébùkọ́lá.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí a wá kọ́kọ́rọ́ yàrá Ṣèyílọ́lá tì. Kí a tó bi Àǹtí ló ti ní òun kò rí i. A ti kó ẹní wa lọ sí yàrá náà. À ń dè yín.