Àwòrán Ìkómọjáde Tó Hàn Kedere Jù

Ilé Bàbá Joseph,
Ẹ̀yìn ọjà Ìbá,
Ìbá, Èkó.

Afọlábí, ọmọ mi ọkùnrin kan ṣoṣo,

Mo kí ọ, mo kí Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí ń bẹ lọ́wọ́ yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà, kí omi má ṣe gbẹ nínú ẹ̀rọ yín ní Lẹ́kì, kí ẹni tí ń ṣọ́ géètì yín má ṣe sùn nígbà tí ó yẹ kí ó lajú. Èmi náà ń mí. Orúnkún mi ti òsì ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kò tó ti ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, Sẹ̀kínát tí ó yá yàrá tí ó kángun sí tèmi yóò gbọ́ ohun tí mo sọ, yóò tún gbọ́ ohun tí n kò sọ, yóò sì ti ru méjèèjì dé Ajangbadi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé wa, wọ́n sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni pé àwa ni a ni ín. Igi àgbálùmọ̀ tí Àríkẹ́ ìyá rẹ gbìn kí Ọlọ́run tó pè é ti so lọ́dún yìí. N kò ká a, mo ní kí n dúró dè ọ́. Àwọn àdán ti bá ọ jẹ tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò ni ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ tí o fi rán ẹni tí ń fi ọ̀kadà kó ẹrù kiri sí mi, èyí tí o ní fídíò ìkómọjáde wà nínú rẹ̀, pé ó tóbi ju ohun tí fóònù mi lè gbé lọ, pé kí n fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún mi ní Kérésìmesì, kí n sì máa wò ó. O ṣeun. Mo dúpẹ́ kí n tó sọ èyí tó kù, kí o má baà sọ pé n kò dúpẹ́.

Ìwọ náà rántí ohun tí o sọ fún mi kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. O ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, pé títì Bàdágírì ti bàjẹ́, pé orúnkún mi kò ní lè gba ìrìn náà, pé kò tilẹ̀ ní ju àdúrà kékeré lọ láàárín ẹ̀yin méjèèjì àti pásítọ̀ yín. O ní èmi yóò wà níbẹ̀ lórí fóònù, gbogbo ènìyàn yóò rí mi, èmi náà yóò rí gbogbo ènìyàn, èmi ni n ó sì sọ ọmọ náà lórúkọ gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà rẹ̀. Afọlábí, mo gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ. Mo wọ agbádá funfun mi, mo dé fìlà funfun, mo jókòó ṣinṣin níwájú fóònù, mo sì pe orúkọ náà, Ọlásúnkànmí, orúkọ bàbá tó bí mi. Àdúrà ni mo ń gbà lọ́wọ́ tí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Mo rò pé iná ló lọ lọ́dọ̀ yín. N kò dúró, mo ní Ọlọ́run kò nílò iná kí ó tó gbọ́ràn. Mo gbàdúrà nínú òkùnkùn yẹn títí ohùn mi fi há, mo sì ṣe àmín fún ara mi.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé èmi ni mo sọ ọmọ rẹ lórúkọ, Àdìsá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń ta ayò, bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé báwo ni ẹni tó jókòó sí Ìbá ṣe sọ ọmọ tó wà ní Lẹ́kì lórúkọ, àbí ṣé mo pe orúkọ náà sínú ọ̀rá ni, tí mo fi rán awakọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Sẹ̀kínát fi jókòó sílẹ̀. Ìwọ mọ̀ mí, n kò lè fara da kí orúkọ mi máa ti ẹnu dé ẹnu. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà náà dé, mo pe gbogbo wọn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi pé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i.

Àwòrán náà jáde, ṣùgbọ́n ó burú. Ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí a ń wò láti inú gíláàsì ọkọ̀ tí òjò ń rọ̀ lé. Àwọn tó dúró kò lórí, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kò ju èjìká kan ṣoṣo lọ. Mo rò pé eruku ọ̀nà Mile 2 ni ó wọ inú rẹ̀, mo fi aṣọ tútù nu kọ̀ǹpútà, mo nu tẹlifíṣọ̀n. Mo sún àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn kí àwòrán má baà ti rẹ̀ kí ó tó rin wáyà já. Mo yí ìdè méjì tó wà lórí wáyà aláwọ̀ búlúù tí o fi ránṣẹ́ náà le títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo pa ẹ̀rọ náà kí ó sinmi. Mo yá ìgò ojú Àdìsá, mo fi lé orí tèmi. Ọmọ mi, kò yí padà. Kò sí ohùn nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ti ń dún wín-ín-wín-ín, orin ni ẹni tó ya fídíò náà sì fi bo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n ní àárín àwòrán náà ni bàbá kan wà, ó wọ funfun, ó dé fìlà funfun, ó sì gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo rántí ohun tí o sọ, pé èmi yóò wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì rí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ̀rọ ti mú mi láti Ìbá, ó ti gbé mi kalẹ̀ ní Lẹ́kì, ó sì ti gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Bí fóònù bá lè kó owó láti báńkì kan dé òmíràn láìsí ẹni tó fojú rí owó náà, kí ni yóò ṣòro nínú gbígbé bàbá àgbà kan? Mo fi ọ̀pá mi tọ́ka sí i, mo ní, èmi nìyí. Wọ́n kí mi kú oríire. Mo tún ka ohun tí wọ́n kọ sára kéèkì náà sókè fún wọn: mo rí i pé Ọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, pé ó sì gùn, mo ka Ọlásúnkànmí. O mọ̀ pé kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé, ara àpò sìmẹ́ńtì àti inú Bíbélì ni mo ti kọ́ ọ. Ó dùn mọ́ mi láti kà á sí Àdìsá létí.

Sẹ̀kínát ni kò jẹ́ kí adùn náà tán lẹ́nu mi. Ó ní ó ya òun lẹ́nu bí ọrùn Bàbá Afọlábí ṣe sanra ní Lẹ́kì, pé bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni. Àdìsá ní kì í ṣe ọrùn nìkan, ó ní kí wọ́n wo ikùn, pé Joseph tí òun mọ̀ kò tíì fi ìgbà kan ní irú ikùn báyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ikùn mi ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo sọ fún ara mi pé bí àwòrán náà bá lè mọ́ kedere, wọn yóò pa ẹnu wọn mọ́. Mo bá ránṣẹ́ pe Kamaldeen, tí ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Igbó-Elérin, mo sì tún pe gbogbo wọn padà. Èmi ni mo pè wọ́n, Afọlábí. Èmi ni mo gbé àga fún Sẹ̀kínát ní iwájú pátápátá.

Kamaldeen rí wáyà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló fi èyí ránṣẹ́ sí Bàbá, pé wáyà ìgbà Nóà ni. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní há à, ẹ má bínú Bàbá, pé ọmọ yín kàn kó ẹrù ilé dànù sí yín lọ́rùn ni. Ó fi wáyà pẹlẹbẹ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní àwòrán kékeré ni kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń fi agídí fà á gùn bí ìgbà tí àgbà bá ń kó sínú ṣòkòtò ọmọdé, ìdí nìyẹn tí ó fi rí wúruwùru. Ó tẹ nǹkan lára kọ̀ǹpútà, ó tún mú rìmóòtù, ó ní tẹlifíṣọ̀n yìí ti ń gé etí àwòrán náà sọnù láti ọjọ́ yìí wá, pé àwọn tó wà létí wà níbẹ̀, a kò kàn rí wọn ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó mọ́. Ó mọ́ débi pé mo rí èékánná ọmọ náà.

Bàbá ìyàwó rẹ ni ó gbé e lọ́wọ́. Láti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Ó dà bí ẹni pé títì tiwọn kò bàjẹ́. Àdúrà kékeré tí o wí, mo rí i, àwọn ènìyàn kún yàrá títí àwọn kan fi dúró sórí àtẹ̀gùn. Mo tún ka ara kéèkì náà, mo kà á sínú lọ́tẹ̀ yìí: Ọpẹ́olúwa ni wọ́n kọ. Orúkọ dáadáa ni. Kì í ṣe orúkọ bàbá mi.

Lẹ́yìn náà ni mo rí etí tábìlì, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń gé tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, fóònù kan sì fẹ̀yìn ti ìgò oyin náà. Inú fóònù náà ni mo wà. N kò tóbi ju èpo ẹ̀pà lọ. Mo rí fìlà mi, mo rí ẹnu mi tí ó ń mì. Kò sí ẹnì kankan nínú yín tó kọjú sí mi, ìwọ pàápàá. Obìnrin kan gbé abọ́ ìrẹsì dé, kò rí ibi tí yóò gbé e kà, ó mú fóònù náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì gbé abọ́ lé e. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé iná kò lọ lọ́dọ̀ yín.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Àdìsá tí kò ní àánú ẹnì kankan ní kí a lọ ta ayò, ó sì jẹ́ kí n borí òun; mo rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sẹ̀kínát gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi, kò béèrè ohunkóhun, kò sì sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Láti ìgbà tí mo ti dé ayé ni mo ti ń bẹ̀rù ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyí. N kò mọ̀ pé yóò di ọjọ́ kan tí n ó máa wá a. Mo bẹ Kamaldeen kí ó dá wáyà búlúù náà padà, kí àwòrán rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun lè dá wáyà padà, ṣùgbọ́n òun kò lè gba ohun tí àwọn ènìyàn ti rí lójú wọn.

Owó kan wà tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ; kì í ṣe owó wáyà, kì í sì ṣe ti òògùn orúnkún. Owó ọkọ̀ ni, èyí tí yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín tí yóò sì gbé mi padà. Bí títì náà bá ṣì bàjẹ́ lójú rẹ, fi díẹ̀ kún un kí n lè wọ ọkọ̀ tó ga. N kò ní sùn lọ́dọ̀ yín, n kò sì ní jẹ nínú ìrẹsì yín. Mo kàn fẹ́ gbé ọmọ náà lọ́wọ́ títí n ó fi pe orúkọ kan ṣoṣo sí i létí. Jọ̀wọ́, má ṣe fi owó náà ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe sí ohun tó bá wà nínú fóònù. Fi rán ènìyàn.

Nítorí pé n kò mọ ìgbà tí ẹni náà yóò dé, mo tún àdúrà ọjọ́ náà kọ síhìn-ín. Ọlásúnkànmí, ọmọ Afọlábí, ọmọ Joseph: wàá dàgbà, wàá gbó, ẹsẹ̀ rẹ kò ní rìn sí ibi. Ìwọ yóò sin bàbá rẹ, bàbá rẹ kò ní sin ọ́. Ilé tí o bá kọ́ yóò ní àga fún àwọn tó bí ọ. Àwọn ọmọ rẹ yóò máa wo ojú rẹ nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. Àmín.

Afọlábí, kà á sí i létí. Bí o bá sì kà á tán, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé abọ́ sí, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n dojú ìwé yìí délẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joseph.