Bí Ọkọ̀ Ojú Irin Pòbè Ṣe Fi Mí Sílẹ̀

Ọ̀tà,
Oṣù Kẹfà, 1938.

Múdàṣírù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo kí gbogbo ará Ọ̀tà tí ẹ jọ wà ní Kánò. Kí ara yín le, kí oòrùn ìlú ọ̀hún má pa yín lára. Ara tèmi náà le, bí a bá lè pe ara ẹni tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ní líle.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Àdìzát àbúrò rẹ ti kú. Ó bímọ ní Pòbè nílé Jìbírílù ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò yè, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára ìyá rẹ̀. Jìbírílù ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ kíákíá, pé èmi ni Àdìzát ń béèrè. O mọ bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣe rí, nítorí náà èmi nìkan ni mo gbéra. Aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́, orí ẹ̀rọ ni mo fi í sí.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé mi gba Ìdìrókò dé Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ ojú irin àwọn Faransé ti ń lọ sí Pòbè. Èrò pọ̀ níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo tò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí, ni ọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá bá wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ṣílè lẹ mú dání? Wọn ò ní gbà á o. Ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀ sówó Faransé lọ́jà."

O mọ bí a ti ń ṣe nídìí kànga wa ní Jojú. Bí o bá gbé korobá rẹ sórí ìlà, o lè lọ sílé lọ jẹun kí o tó padà. Kò sí ẹni tó máa kọjá rẹ̀ àfi ẹni tó ń wá ìjà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gbé kẹ́tùlù àlùwàlá mi sí àyè mi, mo fi han obìnrin Ègùn tó wà lẹ́yìn mi, ó mi orí, mo sì sáré lọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, obìnrin náà ti ra tirẹ̀, ó ti lọ. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ti kẹ́tùlù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé e han akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó sọ Faransé rẹ̀ sí mi, ó nawọ́ sí ìparí ìlà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ mi ń kú lọ. Ọkùnrin tó gbọ́ Yorùbá yẹn ní, "Bàbá, èèyàn ni wọ́n ń tà á fún níbí, wọn kì í tà á fún kẹ́tùlù." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí. Mo lọ tò lẹ́yìn. Kí ó tó kàn mí, wọ́n ti pa fèrèsé dé, ọlọ́pàá kò sì jẹ́ kí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kọjá. Ojú mi ni ọkọ̀ náà ṣe lọ. Ti ọjọ́ kejì ni mo wọ̀.

Sàréè rẹ̀ ni mo bá, erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ̀ àná fọn fèrè wọ ìlú, Àdìzát lajú, ó ní, "Ẹ bá mi wé gèlè mi dáadáa, Bàbá mi ti dé." Wọ́n wé e fún un. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Jìbírílù lọ pàdé mi ní ibùdókọ̀, kò rí mi. Kí ó tó padà délé, Àdìzát ti kú, gèlè náà ṣì wà lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run forí jì í, kí ó fi àlùjáńnà ṣe ilé rẹ̀. Kí ó dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa, kí ó má jẹ́ kí ìwọ náà retí mi tì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàlílù aránṣọ.

Àfikún: Ìyá rẹ kò mọ èyí tí mo kọ sókè yìí. Mo sọ fún un pé mo bá Àdìzát láàyè, pé mo bu omi fún un mu, pé ó ní kí n kí i. Lójoojúmọ́ ni ó ń ní kí n tún un sọ, mo sì ń tún un sọ. Bí o bá wálé, yóò sọ ọ́ fún ọ. Jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, kí o sì wí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe kọ ọ́ sí ọ.