Omi Tó Wà Nínú Epo Bàálù

Èmi ni mo sọ ìyàwó mi di amúkùn-ún, kò sì mọ̀. Kì í ṣe pé mo nà án o... ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi, nítorí láti ọdún mẹ́rin tí a ti fẹ́ra, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà níwájú fadá.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa rọ epo sínú bàálù kékeré kan tó ń gbé oògùn àti lẹ́tà lọ sí àríwá, tó máa ń bà sí pápá kan lẹ́bàá Dassa níbí. Inú àgbá ni ẹsáńsì, ìyẹn epo rẹ̀, wà. Kí n tó rọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ fi awọ rírọ̀ kan bo ẹnu àrọ, kí n sẹ́ epo náà bí ẹni ń sẹ́ ògì, kí omi má bàa bá a wọlé. Ó máa ń pẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo sì rí i pé ìdérí àgbá kò dé dáadáa... mo rí i o! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ń fi kẹ̀kẹ́ dúró dè mí ká jọ lọ sọ́jà Glazoué. Mo yọ awọ yẹn, mo da epo náà bẹ́ẹ̀. Awabàálù, ọkùnrin Faransé kan tó máa ń fún mi ní sìgá, bi mí pé, "Ṣé o sẹ́ ẹ?" Mo ní, "Wii, mùsíyé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣì dúró lórí pápá nígbà tó gbéra. Kò tíì ga tó òkè tí mótò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó dákẹ́, ó tún húkọ́, ó wá dákẹ́ pátápátá. Kò lè yí padà, òkúta ló kún iwájú rẹ̀, ló bá darí rẹ̀ sọ́nà abúlé Tré níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ó sì bà sínú oko iṣu. Ebè gbá táyà rẹ̀, bàálù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ sì gbá ọmọbìnrin kan tó ń sá lọ, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rósà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ kí i ní ọsibítù. Àánú ni mo kọ́kọ́ pè é... kí n tó mọ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi bí mi ò bá rí i. Mo fẹ́ ẹ. A ti bí ọmọ kan, òmíràn ń bọ̀. Ó ń tiro, kò lè gun òkè lọ kí ìyá rẹ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ náà bá ń ro ó, awabàálù ló máa ń ṣépè fún, torí àwọn èèyàn ní ọkùnrin náà mutí ni, wọ́n sì ti lé e níṣẹ́. Èmi ni mo máa ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, tí mo máa ń ní, "Pẹ̀lẹ́."

Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà ọkùnrin náà dé. Rósà kò kàwé, èmi ni mo kà á fún un. Ọkùnrin náà ní òun kò mutí. Ó ní omi ló wà nínú epo, pé ó yẹ kí òun yẹ ìdí táńkì wò kí òun tó gbéra, òun kò ṣe é, ẹ̀bi òun ni, kí Rósà jọ̀ọ́ dárí ji òun. Ó tún kọ ọ́ pé òun sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé ẹni tó rọ epo ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni mo fò, mi ò kà á fún un... torí Rósà kò mọ̀ pé èmi ni mo rọ epo náà.

Rósà sunkún. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, èpè tí mo ti ṣẹ́ yìí! Kọ̀wé sí i, sọ pé mo ti dárí jì í, kó wá jẹun nílé wa."

Mo kọ ọ́. Ọkùnrin náà ti fèsì pé òun ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà àjọ̀dún Màríà. Rósà ti ya àkùkọ kan sọ́tọ̀, ó sì ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí àlejò lédè Faransé.

Kí ni kí n ṣe? Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́ báyìí? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi jókòó ti oúnjẹ yẹn níwájú ẹni tó máa dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀? Tó bá ní àánú ni mo fi fẹ́ òun ńkọ́? Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni mo ń bẹ̀ jù... tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹnu ta ni ẹ máa fẹ́ ti gbọ́ ọ, ẹnu tèmi àbí ẹnu àlejò?