Kúbùsù Tó Dá Orí Mi Láre

Pigeon Fork, Kentucky
Ọjọ́ Ajé

Twyla, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ilé gogoro tí ẹ ń gbé ní Louisville, títí kan ọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín nísàlẹ̀. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwa tí a wà lórí òkè yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ariwo. Ara tiwa le koko. Ajá ti bímọ mẹ́rin sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà oko ti gbó, Imogene aládùúgbò wa sì tún ti bá adìẹ mi jà.

Mo rí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Ilé àwọn arúgbó yẹn dára nínú fọ́tò, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn pé, mo kọ́kọ́ rò pé dókítà eyín ló ń polówó. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, pé ọpọlọ obìnrin yìí ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí mo sì rí i pé o ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo jókòó, mo sunkún. N kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹkún yẹn ti tán, orin ni mo ń kọ báyìí, jókòó kí o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe.

O rántí ọjọ́ Ìsinmi tí mo dìde láàárín ìwàásù, tí mo ní kí Pásítọ̀ Hobart dákẹ́ kí aago ògiri lè ráyè mí. Wọ́n ní mo tún bọ́ bàtà, mo na ara mi sórí bẹ́ǹṣì. Àyà mi ń lù kì-kì-kì bí ẹṣin tó ń sáré, ni wọ́n bá fi ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé mi. O sì rántí ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, tí mo ń bi ọ́ pé ta ni arúgbó tó wà ní kọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn tí kò yéé wò mí. Wọ́n ní èmi náà ni. Dókítà bi mí ní oògùn tí mò ń lò, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un láìfo ọ̀kan. Kò béèrè súìtì. Ta ló ń ka súìtì mọ́ oògùn?

Orúnkún mi ló fà á. Delbert tó ni ilé epo oríta gbé súìtì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà, ó ní hẹ́ǹpù, ìbátan igbó, ni wọ́n fi ṣe é, pé ó ń pa ìrora. Ta ló fẹ́ fi hẹ́ǹpù dẹ́rù bà mí? Bàbá mi gbìn ín nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ló bẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n fi ń hun okùn ọkọ̀ ojú omi. A so màlúù mọ́ okùn yẹn, a sá aṣọ sórí rẹ̀, kò gun ẹnikẹ́ni lórí rí. Nítorí náà mo jẹ ọ̀kan. Mo kọ orin ìyìn méjì, orúnkún ò gbọ́. Mo jẹ ìkejì. Mo jẹ ìkẹta torí pé ó dùn. N kò mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń rìn nínú ikùn, pé ó lè lo wákàtí méjì lọ́nà, kó tó wá dé tòun ti gbogbo ẹbí rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù ni iṣẹ́ ọnà kan lẹ́yìn ọ̀rá rẹ̀, onígun mẹ́rin, dúdú àti funfun, wínníwínní, pẹ̀lú àpótí ńlá mẹ́ta ní igun mẹ́ta. Mo ní ẹni tó ya èyí mọ kúbùsù alábùlẹ̀ ní rírán. O mọ̀ pé ọdọọdún la máa ń rán kúbùsù tí àwọn panápaná ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire lé lórí, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá jáde ló ń gbé e lọ. Mo fi awò ìkàwé bàbá rẹ kà á, ẹyọ márùndínlọ́gbọ̀n ní òró, márùndínlọ́gbọ̀n ní ìbú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán an, ẹyọ kan ò yẹ̀ ní ipò rẹ̀. Imogene ní ó dà bí ibi tí èèrà ti jà lórí ìyẹ̀fun. Ìlara ni.

Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ibẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣèpàdé lóṣù tó kọjá. Renata, nọ́ọ̀sì ìlú, dìde, ó ní kí wọ́n gbé súìtì Delbert kúrò ní ibi tọ́wọ́ ọmọdé ti lè tó o, torí pé kò yàtọ̀ sí ti ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó mọ bí THC inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pa ènìyàn bí ọtí, ṣe pọ̀ tó. Delbert fò dìde, ó ní kí wọ́n má ba òun lórúkọ jẹ́ o, pé wọ́n ti yẹ ọjà òun wò, pé ìwé àyẹ̀wò ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tójú rẹ̀ ò bá fọ́ lọ kà á. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbé fóònù sókè kó ya kúbùsù mi ní fọ́tò. Twyla, fóònù ṣí ìwé! N kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni mo rán, pé àmì tí fóònù fi ń ṣí ìwé àyẹ̀wò Delbert ni iṣẹ́ ọnà ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn. Akọ̀wé kà á sókè: àyẹ̀wò òróró tí wọ́n fi ń pa pátákò ẹṣin ni, ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò dárúkọ súìtì kankan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Delbert ní ìyá àgbà kàn rán an bó ṣe wù ú ni, ṣebí gbogbo ìlú mọ̀ pé orí mi ò pé. Mo dìde. Mo ní Delbert, èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ ní abẹ́rẹ́ dídìmú, mú ọ̀rá tìrẹ jáde. Wọ́n gbé fóònù sí i, pátákò ẹṣin náà ló tún jáde. Gbọ̀ngàn hó yèè!

Renata wá bi mí pé Ìyá Twyla, níbo lẹ ti rí ọ̀rá yẹn. Mo ní èmi ni mò ń jẹ ẹ́ nígbà tí orúnkún bá dùn mí. Ó ní mélòó. Mo ní mẹ́ta, mẹ́rin bó bá ń lọ́ra. Ó di orí mú. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Mo ní mo jẹ ẹ́ dáadáa, kí n lè ráyè kúnlẹ̀ fún Olúwa. Ó fi ìyókù ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ẹyọ kan ló ru THC tó yẹ kí ẹyọ mẹ́fà rù.

N kò fẹnu kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà bi mí ní ọgbọ̀n ìbéèrè, mo gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Èyí tí mo kùnà ni pé àjà kẹlòó la wà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀, inú àpótí irin ni wọ́n tì mí mọ́ tí wọ́n fi gbé mi gòkè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí mi pé, ìwé rẹ̀ nìyí nínú àpòòwé. Ìgbìmọ̀ náà dìbò, kò sẹ́ni tó takò ó: inú gíláàsì alágàádágodo ni súìtì ń gbé báyìí, ẹni tí kò pé ọdún mọ́kànlélógún kò gbọdọ̀ rà á, èyí tí ìwé rẹ̀ ò bá sì bá a mu, ìta ni. Delbert fọwọ́ ara rẹ̀ kó tirẹ̀ jáde. Ọkọ̀ panápaná ló gbé mi wálé, wọ́n sì tan iná orí rẹ̀, Imogene rí i.

Nítorí náà, ya fọ́ọ̀mù yẹn. Owó tí o ti san fún wọn, gbà á padà kí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo nílò aṣọ dúdú àti òwú, ìlú méjì ti ní kí n wá rán ilẹ̀kùn tiwọn. Inú àpòòwé ni kí o fi sí, má fi gba inú fóònù, gíláàsì tèmi ti là, n kò fẹ́ kó jò dànù lọ́nà.

Mo bínú sí ọ, Twyla, ṣùgbọ́n ó ti lọ. Ìfẹ́ ló mú ọ sáré, mo mọ̀. O pe dókítà, o pe pásítọ̀, o pe lọ́yà, o bi gbogbo ayé ní ìbéèrè. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o gbó, kí o tọ́, kí o jẹun ọmọ pẹ́. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tí àwọn ọmọ rẹ kóra jọ lé ọ lórí, Olúwa yóò fi ọ̀kan sáàárín wọn tí yóò kọ́kọ́ jókòó tì ọ́, tí yóò sì bi ọ́ pé, Màmá, kí lẹ jẹ?

Èmi ìyá rẹ,
Ozella Prather