Ẹ̀rọ Orin Tí Mo Pín fún Ìyàwó Méjì

Isuada, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀,
Oṣù Karùn-ún, 1992.

Hàmídù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ìyàwó rẹ, àlàáfíà fún ẹni tí ó gbà ọ́ sílé ní Ìbàdàn àti ẹni tí ó gbà ọ́ síṣẹ́. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o rin ìrìn àrìnfẹsẹ̀sí. Èmi Fàsásì bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ olùkọ́ kankan, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí ará ìta ń bá ni kọ, ìwé mẹ́rin tí mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ sì wà lára mi síbẹ̀. Ara gbogbo wa le. Òjò ti ń rọ̀, iṣu ti yọ, ewúrẹ́ ilé bí ìbejì, ẹsẹ̀ tí ń dùn mí náà ti fi mí sílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà. O ní o gbọ́ lẹ́nu Múdàṣírù tí ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀wọ̀ pé mo ti ba ẹ̀rọ orin tí o rà fún wa jẹ́, pé mo ya sípíkà méjèèjì nípa. O ní kí n kó wọn padà sí pálọ̀, kí ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, kí ọ̀kan wà lósì, kí èmi wá gbé àga sí àárín gbùngbùn kí n jókòó, pé ìgbà yẹn ni orin yóò tó dùn bí ó ti yẹ. O ní bí n kò bá ṣe é, ìwọ fúnra rẹ yóò wá tò ó ní Iléyá. Hàmídù, kí n tó sọ ìdí rẹ̀, gba èsì rẹ: n kò ní kó nǹkan kan padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá mi kó o.

Ìwọ ni o fi ẹ̀rọ kan àti sípíkà méjì ránṣẹ́ sí ilé tí ìyàwó méjì wà. Kí ni o rò pé mo máa ṣe? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Ṣẹ̀fíátù ìyá rẹ tẹ̀lé Àbẹ̀ẹ́bí ìyá rẹ àgbà, n kò tíì ra ẹja kan wọlé kí n má là á láàárín, bí ó bá sì jẹ́ aṣọ, téèpù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Alfa sọ ọ́ létí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ẹni tí kò bá lè ṣe déédéé, kí ó dúró lórí ẹyọ kan. Mo yẹ ẹ̀yìn sípíkà náà wò, mo rí L lára ọ̀kan, mo rí R lára èkejì, kò sí Àbẹ̀ẹ́bí níbẹ̀, kò sí Ṣẹ̀fíátù, ni mo bá mọ̀ pé àwọn tí ó ṣe é fi pínpín rẹ̀ sílẹ̀ fún baálé ilé. Mo gbé ọ̀kan sí yàrá ìyá rẹ àgbà, mo gbé ọ̀kan sí yàrá ìyá rẹ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi, wáyà tí ó lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan sì gùn dọ́gba. Bọ́tìnnì kan wà lójú rẹ̀ tí Múdàṣírù ní òun ni ó ń pín ohùn, pé bí a bá yí i sí apá kan, apá kejì á jẹ gbèsè ohùn. Mo yí i sí àárín géérégé, mo fi òwú dúdú tí mo fi ń rán kóòtù dè é mọ́bẹ̀, mo ta kókó mẹ́ta. Ẹni tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ kí ó wá tú u.

Kí o má sì sọ pé ìjà ilé kò kàn ọ́, nítorí ìwọ ni o dá a sílẹ̀. Ní Iléyá èṣí, léèsì kan ṣoṣo ni o fi ránṣẹ́, orúkọ ìyá rẹ ni o sì kọ sí i. Àbẹ̀ẹ́bí ni ó pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ ń ná ọjà Ọ̀wọ̀. Ìyá rẹ àgbà yọ léèsì náà wò, ó ní ó dára, ó ní kí ẹni tí ó ni ín fi ṣe ọdún púpọ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà kò bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ mọ́, ìkòkò ọbẹ̀ di méjì. Bí ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀ sí èkejì, ewúrẹ́ ni yóò bá wí, ewúrẹ́ yìí ti gba èébú ẹlẹ́èébú tó bẹ́ẹ̀ tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo bẹ̀, mo bínú, pàbó ni ó já sí. Inú mi bàjẹ́ ní gbogbo ọdún náà, mo ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀.

Inú èyí ni ẹ̀rọ rẹ dé. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì sákárà tí ó wà nínú páálí rẹ̀ sí i. Àṣé ohùn akọrin nìkan ni yóò jáde ní yàrá ìyá rẹ, gòjé àti igbá àti àwọn elégbè ni yóò sì jáde lọ́dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí. Àbẹ̀ẹ́bí pe ewúrẹ́, ó ní kí ó wá wò ó, pé ẹ̀rọ pàápàá mọ ìyá ẹni tí ó rà á, ó gbé ọ̀gá fún un, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn fún òun. Ìyá rẹ náà kò gbẹ́nu dákẹ́, ó ní kí ewúrẹ́ bá òun sọ fún ẹni tí ó bá ń gbọ́ pé orí ẹni ní ń pín nǹkan fún ni. Mo dìde, mo gbé sípíkà ọ̀kan fún èkejì, wáyà tí mo bá ní yàrá kọ̀ọ̀kan ni mo so mọ́ ọn, mo tún tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Akọrin kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Hàmídù, ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Nígbà tí Àbẹ̀ẹ́bí rí i pé akọrin kò ní wá bá òun, ó da omi inú àmù rẹ̀ nù, ó dojú sípíkà kọ ẹnu àmù. Ohùn nípọn, ilẹ̀ ń mì, àwọn tí ń ti oko Iyere bọ̀ ń dúró béèrè ohun tí à ń ṣe. Múdàṣírù gbà lójú mi pé ọ̀nà kan ni àmù jẹ́ láti mú ohùn wúwo. Ìyá rẹ sọ fún ewúrẹ́ pé ògiri òun yóò là. Ni Àbẹ̀ẹ́bí bá fa wáyà rẹ̀ yọ, ó ní ó tán, kí onílé ògiri máa gbọ́ orin rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ kọ́kọ́ ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọrin pè, kò sí ẹni tí ó gbè é. Ó tún pè, ó dákẹ́, ó ń retí, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Mo ń rán ṣòkòtò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kàn ṣíwọ́. Ohun tí ìwọ kò mọ̀ ni pé kí n tó fẹ́ Àbẹ̀ẹ́bí, elégbè ni ó jẹ́ fún ẹgbẹ́ sákárà kan ní Ọ̀wọ̀, kò sì lè gbọ́ ìpè kí ó dì í mọ́ inú. Nígbà tí ọkùnrin náà pè lẹ́ẹ̀kẹta, láti inú yàrá tí kò ní wáyà ni mo ti gbọ́ tí Àbẹ̀ẹ́bí fi ẹnu ara rẹ̀ gbè é. Ó pè, ó gbè é. Ó pè, ó gbè é. Ìyá rẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń gbè é nìyẹn. Ewúrẹ́ kò sí nítòsí, òun gan-an ni ó bi. Àbẹ̀ẹ́bí yọ sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ rí, kí ó jẹ́ kí òun so wáyà náà padà kí ó gbọ́ èyí tí ó pé.

Ilẹ̀kùn yàrá méjèèjì kọjú sí ara wọn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà, orin sì pàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ibẹ̀ nìkan ni ó ti pé. Ní báyìí, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, bí iná bá wà, wọ́n á gbé àpótí jáde, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ kan. N kò ní purọ́ fún ọ, ọbẹ̀ ṣì jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jọ ń lọ ata.

Èyí ni o ní kí n tú ká. Kí èmi nìkan jókòó sí àárín ni lẹ́tà rẹ ń wí. Àárín náà ni mo wà, Hàmídù, mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Orin tí ẹnì kan ṣoṣo máa gbọ́ dáadáa nínú ilé èèyàn mẹ́ta, mú un lọ sí Ìbàdàn, n kò fẹ́ ẹ. Múdàṣírù tún ní irú ẹ̀rọ kan wà tí ó ní sípíkà mẹ́rin. Jọ̀wọ́, má rà á, agbára mi kò gbé ìyàwó méjì sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Fi owó àmù tuntun ránṣẹ́, nítorí orin ni ó wà nínú ti Àbẹ̀ẹ́bí. Wá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí o sọ fún ẹni tí ń tà á pé èyí tí akọrin yóò ti máa jáde lọ́dọ̀ ìyálé ni a fẹ́. Kí o sì ra léèsì, irú ti èṣí gan-an, àwọ̀ kan náà, ọ̀pá kan náà, èmi yóò wọ̀n ọ́n. Bí o bá dé ní Iléyá, yàrá ìyá rẹ àgbà ni kí o kọ́kọ́ yà, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún un. Lẹ́yìn náà wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí o bá gbọ́ orin náà tán tí o ṣì ní kò dùn, òwú dúdú wà níbẹ̀, tú u lójú mi.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ ní àlọ, yóò ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Ọmọ tí o bá bí yóò rántí gbogbo ẹni tí ó pọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ rẹ kò ní já lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì télọ̀.

Mo ti ń pa lẹ́tà yìí dé kí ìyá rẹ àgbà tó kọjá, ó sì béèrè ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n kí ọ. Èmi ni ó rán, kò rán ewúrẹ́.